Bátìrì Tí Ẹ Tú Lọ́jọ́ Jímọ̀

Rárá o, Alhaji Tàjùdíìnì, mi ò ní jókòó! Ẹ má fi àga lọ̀ mí nínú ọgbà ẹranko tí èmi Àràmọ́tù ń gbá láràárọ̀. Ẹ̀yin lẹ tú bátìrì, ẹ̀yin náà lẹ tún ń sọ kiri àdúgbò Banikanni pé èmi ni mo ṣílẹ̀kùn fún olè? Háà! Wàláhì, ọ̀rọ̀ yìí dùn mí dé egungun.

Ṣebí gbogbo wa la jọ ṣèpàdé? Ẹ̀yin alága ìgbìmọ̀ ọgbà yìí lẹ jókòó sọ́ọ̀kán, tí Fáìsàlì oníná ń ṣàlàyé títí ẹnu ẹ̀ fi gbẹ, pé sólà wa kéré, bátìrì wa kéré, gílóòbù kan àti aago géètì nìkan ló lè gbé, kò gbọdọ̀ gbé fáànù, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fi ṣáájì fóònù. Ẹ ní ó dáa. Ẹ tiẹ̀ ṣàdúà sí i! Aago yẹn ni mo gbẹ́kẹ̀ lé tí mo fi ń lọ sí ọjà Arzèkè lọ ra oúnjẹ àwọn ẹranko táwọn tó ni wọ́n ti lé sígboro, torí bí ẹnikẹ́ni bá ṣí géètì, á ké, Àsánátù ará ilé kejì á sì sáré yọ.

Ó wá di Jímọ̀, iná lọ, gbohùngbohùn mọ́ṣáláṣí dákẹ́, ẹ wá tú bátìrì mi lọ fi gbé e! Kẹ́ ẹ ránṣẹ́ sí mi ńkọ́? Kẹ́ ẹ kan ìlẹ̀kùn Àsánátù ńkọ́? Ẹ ní ọ̀sán gangan ni, olè kì í jà lọ́sàn-án. Ta ló sọ fún yín? Ṣé ìgbà tí gbogbo ọkùnrin àdúgbò forí balẹ̀ lórí ẹní kọ́ ni olè ń wá? Èmi náà ń kírun o, ẹ má sọ mí di kèfèrí! Ṣùgbọ́n ta lẹ tiẹ̀ fẹ́ẹ́ fi gbohùngbohùn pè? Wọ́n ti jókòó sínú mọ́ṣáláṣí tán!

Kí lẹ wí? Àmúwá Ọlọ́run? Ẹ má gbé e lé Ọlọ́run lọ́wọ́, Alhaji! Ọlọ́run kọ́ ló tú wáyà.

Mo ti ọjà dé, géètì ṣí gbayawu. Abo kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ tí mo fi oṣù méjì fọ egbò ẹsẹ̀ rẹ̀, wọ́n ti fà á lọ. Awọ rẹ̀ ni wọ́n máa tà. Ọmọ tó bí kò tíì pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó dúró síbi okùn ìyá ẹ̀, ó ń gbọ̀n. Mo sunkún, kò tì mí lójú. Ní kòmísáríà, nígbà tí ọlọ́pàá bi mí pé ṣé aago ò ké ni, mi ò dárúkọ yín o! Mo bò yín láṣìírí. Ohun tí mo rí gbà náà nìyí?

Ètò tuntun? Ẹ tún fẹ́ẹ́ pèpàdé? Ẹ gbé ìwé yẹn kúrò níwájú mi. Ìgò wàrà rè é, ó ṣì lọ́ wọ́ọ́wọ́ọ́. Ọjọ́ kejì rè é tí ọmọ kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ náà ti ń kọ̀ ọ́ lọ́wọ́ mi. Ẹ ká bùbù yín sókè, ẹ wọlé lọ bá a, ẹ kúnlẹ̀ sínú koríko yẹn, kẹ́ ẹ bẹ̀ ẹ́ kó mu. Ẹ gbà á! Mo ní ẹ gbà á!