Pákó Tí Mo Tẹ̀ Padà

Ẹ̀yin tí ẹ ti rí ẹ̀yìn mi nínú fíìmù, ẹ wá wo ojú mi lónìí. Ọláníyan ni orúkọ mi, káfíńtà ni mí, ọmọ Ẹdẹ sì ni mí látilẹ̀. Inú yàrá ìyá mi ni mo jókòó sí. Ibtisam, ọmọ àbúrò mi, ló gbé kámẹ́rà ka orí ẹsẹ̀ onírin mẹ́ta, ó sì jáde, nítorí bó ṣe ń ṣiṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn: á gbé e kalẹ̀, á fi í sílẹ̀, á bá tirẹ̀ lọ. Mo ní kó ti ilẹ̀kùn. Kò tì í. Pákó kan wà lórí ẹsẹ̀ mi. Ẹ má tíì bi mí ohun tó jẹ́. Mo ti fi irọ́ gba ìyìn, mo fi gba omijé, mo sì fi gba ohun tí mo ti ń dúró dè láti kékeré. Bí mi ò bá sọ òótọ́ lónìí, inú mi ló máa jẹrà sí.

Èmi àti Bùràímọ̀ nìkan ni ìyá wa, Fàtímọ̀, bí. Mo wà ní kíláàsì kẹrin ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ nígbà tí bàbá wa ní agbára àwọn ò gbé ọmọ méjì. Wọ́n ní kí ẹ̀gbọ́n lọ kọ́ṣẹ́, kí àbúrò máa kàwé. Wọ́n mú mi lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá káfíńtà kan ní Sekona. Bùràímọ̀ kàwé, ó di olùkọ́ àgbà ní Ìlọrin, kò sì fìgbà kan rí sọ fún mi pé, “Bọ̀dá, ẹ ṣé.” Mo ń dúró de gbólóhùn yẹn títí irun orí mi fi funfun. Ọlọ́kàn líle ni mí. Bí ẹnìkan bá ṣẹ̀ mí, mo lè sọ aṣọ tó wọ̀ lọ́jọ́ náà. Nígbàkigbà tí àwa méjèèjì bá ń jà, ìyá wa kì í dá sí i. Ológbò wọn ni wọ́n máa ń pè. Wọ́n ti sọ ọ́ ní Jẹ́-n-sinmi. “Jẹ́-n-sinmi, máa bọ̀ o.” Àwa náà á sì mọ ẹni tí wọ́n ń bá wí.

Nígbà tí ìyá kú, a ti yàrá wọn pa bí a ṣe ń ṣe é nílé wa: ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ ṣí i títí gbogbo ọmọ yóò fi pé láti pín ẹrù. Èmi ni àkọ́bí, kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ mi. Àmọ́ èmi àti Bùràímọ̀ jà níbi àdúà ọjọ́ kẹjọ, ó bínú lọ, yàrá sì wà ní títì. Jẹ́-n-sinmi nìkan ni kò gbà. Pákó kan ti já lára fèrèsé. Ibẹ̀ ló ń gbà lọ sùn lórí ibùsùn ìyá, ibẹ̀ ló ń gbà jáde wá jẹun. Ohun tí Ibtisam rí nìyẹn tó fi gbé kámẹ́rà wá láti yunifásítì tó wà nílùú wa níbí, níbi tó ti ń kọ́ iṣẹ́ ọnà. Mo bi í pé irú fíìmù wo ni kò ní òṣèré. Ó ní, “Bàbá, ológbò ni òṣèré. Wọ́n ń ṣe é káàkiri ayé. Àwọn kan á ya ológbò tó ń sùn láti àárọ̀ dalẹ́. Àwọn mìíràn á so kámẹ́rà mọ́ ọn lọ́rùn kó ya fíìmù fúnra rẹ̀.” Mo ní, “Kó ya kí ni?” Ó ní, “Kókósẹ̀ yín, Bàbá. Bí ilé ṣe rí lójú ẹni tó wà nílẹ̀.” Àwáwù ìyàwó mi rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. Ó ní, “Bàbá Mubarakah, ẹ yáa lọ fọ ẹsẹ̀ o, ẹ ti di òṣèré.”

Èmi náà rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà. Ọjọ́ tí ẹ̀rín tán ni ọjọ́ tí mo gbé pákó léjìká tí mo fẹ́ gba ẹ̀yìnkùlé kọjá, tí ọmọ náà nawọ́ sí mi: “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì kọjá. Ó fẹ́ jáde.” Mo dúró. Pákó ń wọ̀ mí léjìká. Ológbò yọ orí, ó na ara, ó padà sínú. Mo ṣì dúró. Nínú ilé bàbá mi, wọ́n ní kí n dúró kí ológbò kọ́kọ́ kọjá. Ọmọ náà ò ní ẹ̀gàn lọ́kàn, ó tiẹ̀ kúnlẹ̀ dúpẹ́ nígbà tó tán. Ṣùgbọ́n ohùn bàbá mi ni mo gbọ́: ìwọ dúró, kí ẹnìkejì máa lọ.

Ní ọjọ́ Jímọ̀ tó tẹ̀lé e, gbogbo ilé lọ kírun. Mo ní ẹ̀yìn ń dùn mí. Mo mú pákó, mo mú ìṣó àti òòlù, mo kan fèrèsé náà pa. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń sọ fún ara mi pé mi ò mọ̀ pé ológbò wà nínú. Irọ́ ni. Kí n tó kan pákó ìkẹyìn, mo rí i lórí ibùsùn, ó ń wò mí bí ẹni tó mọ̀ mí. Ó sì mọ̀ mí lóòótọ́. Nílé wa, ẹnikẹ́ni kì í fọwọ́ ara rẹ̀ pa ológbò; ẹ̀rù rẹ̀ ń bà wá. Mo wá sọ fún ara mi pé èmi ò pa nǹkan kan, fèrèsé ni mo tún ṣe. Ọgbọ́n ìkà nìyẹn. Kì í pe ara rẹ̀ ní ìkà.

Nígbà tí Ibtisam dé, mo ní mo kan fèrèsé nítorí òjò. Kò tíì kúrò níbẹ̀ tí igbe fi jáde. Ó ní, “Bàbá, inú yàrá ni.” Mo ní, “Àjà ilé kejì ni. Ògiri ló ń gbé ohùn wá.” Ó ní, “Ẹ jẹ́ ká ṣí i wò.” Mo ní, “Yàrá ìyá mi ò ṣeé ṣí láìjẹ́ pé bàbá rẹ dé.” Ọmọ náà pe bàbá rẹ̀. Bùràímọ̀, tí kò bá mi sọ̀rọ̀ láti ọjọ́ tí a ti jà, pè mí. Ó ní, “Bọ̀dá, ẹ má bínú. Àwọn ọmọ ilé ìwé ń ṣèdánwò, mi ò lè kúrò. Ẹ ṣí yàrá náà, mo fọwọ́ sí i.” Ọlọ́run ló ṣí ọ̀nà fún mi yẹn. Ṣùgbọ́n bí mo bá ṣí i, wọn á rí i pé èmi ni mo sé e mọ́. Mo ní, “Ṣé orí fóònù la ti ń pín ogún ìyá?” Ó ní, “Bọ̀dá, mo bẹ̀ yín.” Mo pa fóònù. Èmi tí mo ti ń retí kó bẹ̀ mí, ó bẹ̀ mí, mo sì pa fóònù.

Láti ìgbà náà, mi ò mọ ẹni tí wọ́n sé mọ́lé nínú èmi àti ológbò. Mo wà ní ṣọ́ọ̀bù, mò ń gbọ́ ọ. Mo wọ kẹ̀kẹ́ lọ ra pákó ní Sekona, mò ń gbọ́ ọ. Bí mo bá ṣí i, àṣírí tú. Bí mi ò bá ṣí i, ó ń kú. Ibtisam gba irọ́ mi gbọ́ nítorí pé àgbà ni mí. Ó gbé kámẹ́rà síwájú fèrèsé tí mo kàn pa, ó ní ohùn náà nìkan tó fíìmù, á sì gba kíláàsì lọ. Èmi rò pé bí kò bá ti sí ojú ènìyàn lẹ́yìn kámẹ́rà, ó ń sùn ni. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan mo lọ síbẹ̀. Mo fi etí lé pákó. Ó gbọ́ èémí mi, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi èékánná họ pákó látinú, kíákíá, bí ẹni pé ó mọ̀ pé mo wá ṣí i. Ìṣó ti ń yọ. Pákó là díẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ kan yọ síta, ó kàn mí lẹ́rẹ̀kẹ́. Gbogbo ohun tí mo ní láti ṣe ni kí n yẹra. Bí mo bá yẹra, ì bá fúnra rẹ̀ jáde, ẹnikẹ́ni ì bá má mọ̀. Mo fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ pákó náà padà. Mo tẹ̀ ẹ́, mo gbá a, títí ìṣó fi wọlé. Mo forí tì í díẹ̀, nítorí ó rẹ̀ mí. Lẹ́yìn náà mo lọ jẹun.

Nígbà tí igbe dákẹ́, tí ilé sì dá, mo ṣí ilẹ̀kùn. Inú ìborùn tí ìyá mi fi ń kírun ló ká jọ sí. Mo sin ín sí ìdí ìbẹ́pẹ, mo tú fèrèsé, mo fi pákó mìíràn ṣe é. Mo fẹ́ fi pákó tó họ dáná, ọwọ́ mi kọ̀. Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù ni mo fi pamọ́ sí. Òun ló wà lórí ẹsẹ̀ mi yìí. Ibtisam ní, “Ó ti lọ wá Ìyá àgbà.” Mo ní, “Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀.”

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní gbọ̀ngàn lọ́sàn-án tí wọ́n fi fíìmù náà hàn, ẹ mọ ìyókù. Iwájú ni wọ́n fi mí sí. Fèrèsé tí a kàn pa ló kún ara ògiri, àti igbe, kò sí nǹkan mìíràn. Ọmọkùnrin kan lẹ́yìn sín ológbò jẹ, àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín. Ẹlòmíràn ní, “Ológbò ọ̀hún dà tí a wọ kẹ̀kẹ́ wá wò?” Nígbà tó yá, ẹ̀rín tán. Ọkùnrin kan wọ inú fíìmù náà, a ò rí ju ẹ̀yìn rẹ̀ lọ. Ó fi etí lé fèrèsé. Ó ń fọwọ́ gbá a bí ẹni tó ń rẹ ọmọ lẹ́kún. Ó forí tì í. Obìnrin kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi fa imú. Ibtisam dìde, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n bàbá mi nìyẹn, wọ́n ń tẹ́tí sí yàrá ìyá wọn.” Gbogbo gbọ̀ngàn pàtẹ́wọ́. Mo fẹ́ jáde, ṣùgbọ́n àwọn tó fẹ́ bọ̀ mí lọ́wọ́ ti dí ọ̀nà. Bùràímọ̀, tó ti Ìlọrin wá wo iṣẹ́ ọmọ rẹ̀, yọ láàárín wọn. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú mi, tòun tagbádá funfun. Ó ní, “Bọ̀dá, mi ò mọ̀ pé ẹ fẹ́ràn ìyá tó báyìí. Ẹ dárí jì mí. Ẹ ṣé tí ẹ fi ìwé sílẹ̀ fún mi.” Ohun tí mo ti ń dúró dè nìyẹn. Ó tẹ̀ mí lọ́wọ́, mi ò lè jẹ ẹ́, mi ò sì lè dá a padà.

Láti ìgbà náà, àbúrò mi kì í jẹ́ kí ọjọ́ pọ̀ kó tó pè mí, ó ń bá mi ṣẹ̀fẹ̀, ó ń bi mí bí mo ṣe jí. Wọ́n ti fi fíìmù náà hàn ní àwọn ìlú tí mi ò lè pe orúkọ wọn. Gbogbo ibi tí wọ́n bá ti tan án, mo tún ń tẹ pákó náà padà. Mi ò lè bẹ ẹni tó wà nínú rẹ̀ pé kó yẹra. Àwáwù ní, “Ẹ ti rí ohun tí ẹ ń wá, kí ló wá ń jẹ yín?” Lọ́jọ́ Jímọ̀ kan ni Léèmọ́mù wàásù nípa obìnrin tó torí ológbò tó sé mọ́lé di ará iná. Àwọn ènìyàn mi orí. Èmi ń wo àtẹ́lẹwọ́ mi.

Òní la fẹ́ pín ẹrù ìyá. Ibtisam ló kọ́kọ́ dé. Ó ní kí n jókòó sínú yàrá kí n sọ bí mo ṣe ṣọ̀fọ̀ wọn, òun fẹ́ fi kún iṣẹ́ òun. Mo lọ mú pákó yìí wá. Mo ní, “Fọwọ́ kàn án.” Ó fi ìka tọ ojú èékánná náà láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó tún tọ̀ ọ́. Ó ní, “Bàbá, inú ni ìhà yìí kọjú sí.” Mo ní, “Inú ni.” Kò sunkún, kò bú mi. Ó tan kámẹ́rà. Ó ní, “Ẹ sọ ọ́ bí ẹ ṣe ṣe é.” Nígbà tí mo ní kó ti ilẹ̀kùn, ó ní, “Rárá, Bàbá. Ẹ jáde nígbà tó bá wù yín.”

Ibtisam, mo ti ba iṣẹ́ rẹ jẹ́, dárí jì mí. Ìyá mi, ẹ dárí jì mí. Ẹni tí ẹ fi ń pẹ̀tù sí wa nínú ni mo pa. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí ẹnìkan bá jẹ yín ní “ẹ ṣé,” ẹ béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ onítọ̀hún nígbà tí ọ̀rọ̀ ṣì tutù lẹ́nu yín. Ẹ má lọ gbẹ̀san rẹ̀ lára ẹni tí kò lè fọhùn. Mo ń gbọ́ ọkọ̀ níwájú ilé. Bùràímọ̀ ti dé. Ó ń fi Àwáwù ṣeré: “Ìyàwó wa, Bọ̀dá mi dà? Àbí wọ́n ti ń kó ẹrù ìyá pamọ́?” Ó ń rẹ́rìn-ín. Láti ibi tí mo jókòó sí, mo ń rí ìmọ́lẹ̀ ọ̀dẹ̀dẹ̀. Kò sí ìṣó lẹ́nu ọ̀nà, kò sì sí pákó níbẹ̀. Èyí tó kù wà lọ́wọ́ mi. Ó tún pè mí: “Bọ̀dá.” Mo ti dá a lóhùn pé mò ń bọ̀. Mi ò tíì dìde.