Àwo Núdùùsì Tó Kẹ́yìn

[Fóònù ń dún. Ariwo èrò.]

NORI: Hẹ̀lóò, Bàbá! Ẹ kú iṣẹ́ o.

TOKUJI: Nori! O ṣeun. Ìyàwó ńkọ́? Ọmọ ńkọ́?

NORI: Wọ́n wà, sà. Ṣé oníbàárà ń—

TOKUJI: Wọ́n tò dé iwájú pósítọ́fíìsì! Látọjọ́ tí mo ti ń ta núdùùsì ní Kawasaki, wọn ò tò báyìí rí. Ìgbà tí wọ́n gbọ́ pé mò ń ti ṣọ́ọ̀bù pa lónìí ni wọ́n wá rántí mi. Ṣé o gbọ́ mi?

NORI: Mo gbọ́ yín.

TOKUJI: Ọbẹ̀ ti fẹ́ tán. Mo fi àwo kan pa mọ́ fún ẹ. Ọkùnrin kan wá láti Sendai lọ́hùn-ún, mo ní mi ò tà á. Ibo lo dé?

NORI: Ọ̀gá wa ló dá mi dúró níbi iṣẹ́. Àmọ́ mo ti jáde báyìí. Mo ti ń sún mọ́ ìkóríta yín.

TOKUJI: [ẹ̀rín] "Mo ti jáde báyìí." Ta ló kọ́ ẹ?

NORI: Bàbá—

TOKUJI: Èmi ni! O ò tíì ga tó káńtà nígbà yẹn. Bí oníbàárà bá pè pé oúnjẹ òun dà, màá ní kó o sọ pé, "Ó ti jáde báyìí, sà." Núdùùsì ò sì tíì kan omi!

[Ìró pọ́ǹpù: fìì, fìì.]

KOTONE: Dádì! Ẹ bá mi fẹ́ atẹ́gùn sí i, àpò yìí ò wú!

TOKUJI: Kotone nìyẹn? Ṣé òun náà ti ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì yín ni?

[Ìró pọ́ǹpù dúró.]

TOKUJI: Nori. Ṣé o gbọ́ mi?

NORI: Yokohama la wà, sà. Mùsíọ́ọ̀mù oní... oní núdùùsì inú ife.

TOKUJI: Èyí tí wọ́n ń da omi gbígbóná lé?

NORI: Òun ni. Ọmọ máa ń ya àwòrán sára ife, á mú ohun tó bá wù ú sí i, wọ́n á wá bá a lẹ̀ ẹ́ pa, wọ́n á fi sínú àpò tí wọ́n ń fẹ́ atẹ́gùn sí—

TOKUJI: Lónìí?

NORI: Ó ti pẹ́ tó ti ń yọ mí lẹ́nu—

TOKUJI: Nínú gbogbo ọjọ́ ayé, lónìí?

NORI: Ẹ má bínú. Mi ò gbọdọ̀ fi ọmọ bojú. Ojú ló ń tì mí, Bàbá. Ká ní mo gbà kí n dúró ti ìkòkò yẹn, ẹ ò ní máa ti ṣọ́ọ̀bù pa. Ojú wo ni mo fẹ́ fi wò yín tẹ́ ẹ bá ń já aṣọ ẹnu ọ̀nà tó ń sọ pé ṣọ́ọ̀bù ṣí?

TOKUJI: Ta ló dá ẹ lẹ́bi?

NORI: Èmi fúnra mi ni.

TOKUJI: Apá mi ò gókè mọ́. Ìwọ ni mò ń dúró dè kó o wá bá mi já a. Mi ò pè ẹ́ wá jogún ìkòkò. Mo ní kó o wá jẹun ni. Ṣé o— gbọ́—

NORI: Fóònù ń já, sà—

KOTONE: Ẹ gbé e fún mi! Bàbá àgbà, ẹ̀yin ni mo yà sára ife mi! Pẹ̀lú táwẹ́ẹ̀lì tẹ́ ẹ máa ń wé sórí!

TOKUJI: Èmi? Lára ife yẹn? [ẹ̀rín] Ṣé mò ń rẹ́rìn-ín?

KOTONE: Rárá. Ẹ̀ ń wo ẹnu ọ̀nà.

TOKUJI: Gbé e fún dádì ẹ.

NORI: Bàbá.

TOKUJI: Omi ti hó, Nori. Ṣé kí n se é fún ará Sendai?

NORI: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sè é! Kotone, gbé àpò ẹ, ó yá! [Ẹsẹ̀ ń sáré.] Bàbá, mo ti jáde báyìí. Ṣé ẹ gbọ́ mi?

TOKUJI: [sí àwọn tó wà ní ṣọ́ọ̀bù] Ó ní òun ti jáde báyìí.

[Gbogbo ṣọ́ọ̀bù bú sẹ́rìn-ín.]

NORI: Lóòótọ́ ni o! Bàbá, mo ti jáde! Ṣé ẹ gbọ́—

[Fóònù já.]