Edé Tí Mo Lọ̀ Sínú Òtìlí Màdáàmú

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ máa ka èyí, ẹ má tíì dá mi lẹ́jọ́. N kò mọ̀wé. Ọmọ ọmọ mi ló ń bá mi kọ ọ́. Lánàá ló bi mí pé, "Màmá àgbà, kí ló dé tí ẹ máa ń dá òtìlí tiyín sè lọ́tọ̀, láìfi edé sí i?" Mo fẹ́ sọ pé inú mi ni kò gba edé, bí mo ti máa ń wí. Irọ́ náà ti sú mi.

Ìyàwó tuntun ni mí nígbà náà, kí òmìnira tó dé. Láti Iwaraja ni wọ́n ti mú mi wá bá ọkọ mi ní Òṣogbo. Dírẹ́bà ni, ó ń wa mọ́tò fún ará Íńdíà kan tó ń ta aṣọ; inú ilé ọkùnrin náà ni a ń gbé. Bí àwọn méjèèjì bá ti lọ kó ọjà l'Ékòó, ó di èmi àti ìyàwó ará Íńdíà nínú ilé. Mo ń pè é ní Màdáàmú. Òun ń pè mí ní Ọ̀rẹ́. N kò ní ẹlòmíràn nílùú. Àwọn ará àdúgbò ń sín mi jẹ torí ohùn Ìjẹ̀ṣà mi. Yorùbá tirẹ̀, ti inú ọjà ni. A jọ ń fi ara wa rẹ́rìn-ín.

Ó kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń se ẹ̀wà wọn, ẹ̀wà wẹ́wẹ́ tí wọ́n ti là, tó ń ti òkè òkun wá. Á fi atalẹ̀ pupa sè é títí á fi rọ̀. Á wá da èso wẹ́wẹ́ kan sínú bọ́tà gbígbóná. Bó bá ti ń ta, á dà á lé ẹ̀wà lórí. Á dún ṣàà!

"Edé ńkọ́?" ni mo bi í. "Àbí ẹ̀ ń gbààwẹ̀ ni?"

Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó di ọwọ́ mi mú. "Ọ̀rẹ́, ohun tó bá ní ẹ̀mí, èmi ò jẹ. Mo búra fún màmá mi."

Mo gbọ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, n kò lè sọ pé n kò gbọ́.

Nígbà tí ẹ̀wà rẹ̀ tán, mo gba òtìlí wá lóko ìyá mi. Bó ṣe rí i, ó bú sẹ́kún. Irú ẹ̀wà yìí gan-an ni wọ́n ń jẹ nílé wọn.

Lẹ́yìn náà ni ibà dá a dùbúlẹ̀. Ó gbẹ bí igi. Ní tiwa, ta ní ń fún aláìsàn ní ẹ̀wà tí kò ní edé? Mo lọ edé kúnná, mo dà á sí òtìlí, mo fi èso olóòórùn rẹ̀ bò ó.

Ó jẹ ẹ́ tán. Ó fi ìka nu àwo.

"Ọ̀rẹ́, kí lo fi sí i?"

"Ọwọ́ mi ni, Màdáàmú."

Ara rẹ̀ yá. Kò gbà kí ẹlòmíràn sè é mọ́. Mo ti ṣe tán láti jẹ́wọ́ lọ́jọ́ kan, ló bá bu díẹ̀, ó gbé e síwájú ère kékeré tó ń bọ ní kọ̀rọ̀ yàrá, ó di ojú. Bí mo bá sọ ọ́, ta ni yóò tún pè mí ní Ọ̀rẹ́? Mo ń lọ edé náà lọ.

Ọjọ́ tí wọ́n ń padà sílùú wọn, ó fún mi ní ṣíbí idẹ rẹ̀. Ó ní, "Màá sọ fún màmá mi pé ìwọ lo bá mi pa ìbúra mi mọ́."

Láti ìgbà náà, edé kò wọ òtìlí mi mọ́. Ọkọ mi ti kú. Nílé ọmọ mi ní Dàda Estate, èmi nìkan ní ń jẹ ẹ́. Wọ́n ní kò dùn. Òótọ́ ni, kò dùn.

Ẹ jọ̀ọ́, ta ni mo máa bẹ̀? Òun ni, ìyá rẹ̀ ni, àbí òrìṣà rẹ̀ tó gbé oúnjẹ mi fún? Ẹ sọ ibi tó yẹ kí n kọjú sí fún mi. Orúnkún mi ti ń yẹ̀. Bí mo bá kúnlẹ̀, bóyá ni màá tún lè dìde yí sọ́dọ̀ ẹlòmíràn.