Tírọ́ọ̀kì Sìmẹ́ǹtì Tó Ń Gbé Kéèkì

Nígbà tí eegun mi ṣì ń gbọ́ràn sí mi lẹ́nu, tí mo lè dúró ti ààrò láti àárọ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú… Tómi, ṣé fóònù yẹn ti ń gbà á sílẹ̀? Ó dáa. Dámọ́lá, gbé ẹsẹ̀ rẹ kúrò lórí tábìlì mi, ìyá rẹ ò kọ́ ẹ bẹ́ẹ̀.

Ẹ ní kí n sọ̀rọ̀ Grandpa yín. Ẹ gbọ́ o. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, ọkọ̀ yín ló máa ń bá yín sọ̀rọ̀. Iná pupa á tàn, obìnrin kan á máa fọhùn láti inú rẹ̀ pé táyà yín ò ní afẹ́fẹ́ tó. Ẹ kú oríire. Tiwa nígbà yẹn, ìbàdí wa ló máa ń sọ fún wa.

Thamesmead níbí náà la wà, nílùú òyìnbó yìí. Bí mo bá ti tọ́jú àwọn arúgbó òyìnbó tán láàárọ̀, kéèkì ni mo máa ń ṣe lọ́sàn-án. Kéèkì ìgbéyàwó, ti ọjọ́ ìbí, ti ìsọmọlórúkọ. Kò sí ẹni tó ń ṣègbéyàwó ní ṣọ́ọ̀ṣì wa tí kò ní wá mi wá. Grandpa yín ń fọ ọ́fíìsì. Kò fẹ́ràn iṣẹ́ yẹn. Tísà ni nílé kó tó wá, ẹ kúkú mọ̀.

Bó ṣe di ọjọ́ kan nìyẹn tó wa tírọ́ọ̀kì wálé. Ọkọ̀ pupa, tó ní àyè ẹrù gbọọrọ lẹ́yìn. Ó dúró níwájú rẹ̀ bí ọba tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ẹṣin fún. Ó ní, "Mummy Fúnmi, ọ́fíìsì fífọ̀ ti fẹ́ẹ́ tán. Sìmẹ́ǹtì! Yanrìn! Bíríkì! Gbogbo àwọn tó ń kọ́lé láti ibí dé Abbey Wood ló máa máa pè mí."

Ta ló pè é? Fóònù dákẹ́ bí ọmọ tó jí ẹran jẹ.

Kí wá ni tírọ́ọ̀kì ń gbé? Kéèkì mi.

Háà… ẹ̀yin ọmọ. Ẹ ò gun ọkọ̀ yẹn, ẹ dúpẹ́. Ẹ mọ àwọn gegele tí káńsù kọ́ sójú títì kí ọkọ̀ má baà sáré? Tí a bá gun ọ̀kan, gbogbo ọkọ̀ yòókù á sọ̀ kalẹ̀, wọ́n á máa lọ. Tiwa á máa fò lọ títí a ó fi dé ìkejì. Ẹ̀yìn á ta wá sókè gbì! Iwájú á wá máa jó, á máa jó, bí ẹni tí wọ́n ń ná owó fún. Ká tó dé Plumstead High Street, gèlè mi á ti di ṣọ́ọ̀lù.

Mo bá ọkọ mi sọ ọ́. Ọkọ mi, olùkọ́ àgbà! Ó ní ọ̀nà ni. Ó ní káńsù ò ṣe títì dáadáa. Mo ní, "Káńsù yìí kan náà ló ṣe títì fún bọ́ọ̀sì, kí ló dé tí bọ́ọ̀sì ò fò?" Ó ní mi ò lóye ẹ̀rọ. Ó lọ ra tìmùtìmù kan fún mi, kí n máa fi jókòó. Ẹ ò rí i? Ó ti tún ọkọ̀ ṣe.

A gbé e dé ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n wọ́n omi àdúrà sí i yíká. Wòlíì wa ní òun rí arúgbó kan láti ìlú wa, ó jókòó sẹ́yìn ọkọ̀, ó ń gbọ̀n ọ́n. Arúgbó wo? Arúgbó wo ni ìbàdí rẹ̀ le tó bẹ́ẹ̀? Kó wá láti ilé, kó wá jókòó sẹ́yìn tírọ́ọ̀kì nínú òtútù Thamesmead, kò níṣẹ́ ni? Ṣùgbọ́n Grandpa yín ṣe àmín. Àmín tó le. Arúgbó yẹn sàn fún un ju kó wo abẹ́ ọkọ̀ lọ.

Ìgbéyàwó ọmọ Mama Wálé ló tú àṣírí wa. Mama Wálé, olórí àwọn ìyá nínú ìjọ. Mo ṣe kéèkì alájà mẹ́ta, funfun báláú, òdòdó kéékèèké ni mo fi yí i ká. Mo fi ọwọ́ ara mi gbé e sínú ọkọ̀. Mo bẹ ọkọ mi, mo ní, "Daddy Fúnmi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ rọra." Ó rọra lóòótọ́, mi ò ní purọ́ mọ́ òkú. Ó rọra débi pé àwọn tó ń fẹsẹ̀ rìn ń kọjá wa. Tírọ́ọ̀kì náà sì rọra ń fò.

A dé gbọ̀ngàn, mo ṣí páálí. Ilé alájà mẹ́ta ti di ilé ilẹ̀. Mama Wálé bẹ̀rẹ̀, ó wo inú páálí.

"Mummy Fúnmi, kéèkì dà?"

"Òun lẹ̀ ń wò yẹn, mà."

"Ẹ̀n-ẹ́n. Mo rò pé wọ́n jókòó lé e ni."

Ìyẹn ò dùn mí. Ẹnu Mama Wálé, gbogbo wa la mọ̀ ọ́n. Ìyàwó fúnra rẹ̀ ló wá. Kò pariwo, kò sunkún. Ó kàn wò ó, ó ní, "Mummy, ẹ má yọra yín lẹ́nu." Ó sì yíjú kúrò. Òun ló dùn mí wọ eegun. Lẹ́yìn ọjọ́ yẹn, àwọn tó ti bá mi sọ̀rọ̀ kéèkì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé àwọn ò tíì mú ọjọ́. Kí lẹ pe ìyẹn? Orúkọ mi ló ń bàjẹ́.

Mo délé, mo ní kéèkì mi ò wọ ọkọ̀ yẹn mọ́. Grandpa yín ní kí n má bínú, òun ti rí ibi tí ẹ̀bi wà. Mo ní níbo? Ó ní, "Kéèkì rẹ ni kò le tó."

Ẹ gbọ́ ná. Kéèkì! Kéèkì ni kò le tó! Kí n máa pò ó mọ́ sìmẹ́ǹtì, àbí? Mi ò jà. Mo rẹ́rìn-ín ni. Mo ní, "Ó dáa, sà. Lọ́jọ́ Sunday, lẹ́yìn ìsìn, ẹ̀yin lẹ máa gbé kéèkì lé itan. Èmi ni n ó wa ọkọ̀."

Mo ṣe ti ṣokoléètì. Mo mọ̀ọ́mọ̀ ni. Sùtánà funfun ṣì wà lọ́rùn rẹ̀, ó jókòó, ó di kéèkì mú bí ẹni gbé ọmọ tuntun. Mo wakọ̀ bí ẹni ń sìnkú. Gegele kìíní… ó ní kò sí nǹkan. Gegele kejì, kéèkì dìde, ó kí i ní irùngbọ̀n. Ìkẹta, ó bọ́ sí àyà sùtánà. Ó ké, "Jésù!" Nígbà tí a dé ẹ̀gbẹ́ Woolwich Common, mo dúró. Ó fi ìka nu irùngbọ̀n, ó tọ́ ọ wò. Ó ní, "Mummy Fúnmi, ọkọ̀ yìí ń fò."

Ẹ ṣé o, sà! Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run tó ń la ojú afọ́jú.

Ó sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú ṣokoléètì láyà, ó fi ọwọ́ méjèèjì tẹ iwájú ọkọ̀ mọ́lẹ̀, ó jù ú sílẹ̀. Iwájú ń lọ sókè sódò, kò fẹ́ dúró. Ó lọ sẹ́yìn, ó tẹ̀ ẹ́. Kò mira. Àfi bí ògiri. Ó ta táyà nípàá, ó di ẹsẹ̀ ara rẹ̀ mú.

Lọ́jọ́ kejì a gbé e lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì kan ní Plumstead, Kwámé, ará Ghana. Ó wọ abẹ́ ọkọ̀, ó jáde. Ó ní, "Ọ̀gá, ẹrù kí lẹ̀ ń gbé?"

Mo ní, "Kéèkì."

"Kéèkì?"

"Kéèkì."

Kwámé wo ọkọ mi, ó wò mí. Ó ní ta ló wá fi irin kún sípíríǹgì ẹ̀yìn? Àwọn irin pẹlẹbẹ tí wọ́n máa ń tò léra wọn, wọ́n ti tò ó nípọn bí Bíbélì. Wọ́n tún fẹ́ afẹ́fẹ́ sí táyà bí ẹni tí ẹrù kún ọkọ̀ rẹ̀ dẹ́nu. Ó ní tí sìmẹ́ǹtì bá wà lórí rẹ̀, á jókòó jẹ́ẹ́. Láìsí ẹrù, kò sí nǹkan tó máa tẹ̀ ẹ́, á máa ta yín nù ni. Ti iwájú, ṣọ́ọ̀kì tó yẹ kó máa dá a dúró ló ti kú pátápátá.

Mi ò mọ̀ nípa irin yẹn. Ibi tí Grandpa yín ti ra ọkọ̀ náà ló ti ní kí wọ́n fi kún un, kò sọ fún mi.

Kwámé ní, "Kí n yọ ọ́?"

Grandpa yín ní, "Má fọwọ́ kàn án. Ẹrù ń bọ̀."

Ọ̀rọ̀ ti wà lẹ́nu mi. Ẹ mọ̀ mí. Mo fẹ́ bi í pé láti ibo ni ẹrù yẹn ti ń bọ̀, ṣé ẹsẹ̀ ló fi ń rìn ni? Ṣùgbọ́n mo wo ojú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà padà sínú.

A jáde síta. Ó dúró, ó ń wo ọ̀nà. Ó ní, "Tí mo bá yọ irin yẹn, mo ti gbà nìyẹn pé ọ́fíìsì ni n ó máa fọ̀ títí n ó fi kú."

Ẹ̀yin ọmọ… mo ti ń fi ọkùnrin yẹn ṣe yẹ̀yẹ́ fún ọ̀pọ̀ oṣù. Mi ò mọ̀ pé nǹkan tó wà lábẹ́ ọkọ̀ nìyẹn.

Mo ní, "Daddy Fúnmi, ta ló sọ pé kéèkì kì í ṣe ẹrù? Nígbà tí kéèkì ò dé bó ṣe yẹ lọ́jọ́ sí, ẹ ṣáà rí ojú ìyàwó."

Ó padà wọlé sọ́dọ̀ Kwámé. Mo gbọ́ ohùn rẹ̀: "Yọ ọ́."

Wọ́n yọ irin, wọ́n fi ṣọ́ọ̀kì tuntun síwájú, wọ́n dín afẹ́fẹ́ táyà kù sí bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sára ilẹ̀kùn ọkọ̀. Kwámé ní tí ẹ̀yìn bá ṣì fúyẹ́, kí a di yanrìn sínú àpò, kí a gbé e síbẹ̀. Ẹ ò rí i? Ó kúkú gbé yanrìn náà.

Nígbà tí à ń padà sílé, a gun gegele. Ọkọ̀ gùn ún, ó sọ̀, ó dúró. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. A wo ara wa. Ó yí ọkọ̀ padà, ó tún lọ gùn ún.

Àwọn kan tún bẹ̀rẹ̀ sí í pè mí. Lẹ́yìn èmi, àwọn obìnrin mìíràn tó ń ṣe kéèkì bẹ̀rẹ̀ sí í pe òun náà, láti Woolwich Dockyard títí dé ìhín. Ó pẹ́ kó tó fi ọ́fíìsì sílẹ̀, ṣùgbọ́n ó fi í sílẹ̀. Táì ló máa ń wọ̀ lọ gbé kéèkì. Wọ́n ń pè é ní Daddy Kéèkì, á máa ṣe bí ẹni tó ń bínú.

Ìyẹn ni mo fi ń sọ fún yín. Tí ọkọ tàbí aya yín bá ń gbọ̀n yín bí ọkọ̀ burúkú, ẹ wo abẹ́ rẹ̀ kí ẹ tó pe wòlíì.

Ẹ wo ti ìsinsìnyí. Lọ́jọ́ ìbí mi, ìyá yín fi fóònù ra kéèkì fún mi. Ọmọ kan fi kẹ̀kẹ́ gbé e wá, ó dojú páálí délẹ̀, ó ya fọ́tò ilẹ̀kùn mi, ó lọ. Ó ti ṣiṣẹ́. Grandpa yín kì í lọ. Á dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú táì rẹ̀ títí wọ́n á fi ṣí páálí. Á wo ojú ìyàwó. Ìgbà yẹn ló tó máa mú kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀.

Hùn… Tómi, pa á. Ó tó.