Aṣọ Pupa Tí Mo Ṣèèṣì Gbé Sókè

Aago márùn-ún ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni, ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, nínú oṣù kejì ọdún tó kọjá. Mo mọ̀ nítorí pé mo wo fóònù mi kí n tó lọ dúró sórí ìlà. Láti ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ yìí ti wà láyà mi. N kò sọ ọ́ fún bàbá mi. N kò sọ ọ́ fún ọmọbìnrin tí mo fẹ́ fẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ kò mọ̀ mí ni mo kọ́kọ́ ń sọ ọ́ fún. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bú mi. Ẹ kà á dópin ná.

Ìdí tí mo fi ń sọ̀rọ̀ nísinsìnyí ni pé lọ́jọ́ Àbámẹ́ta tó ń bọ̀, ìgbìmọ̀ tó ń ṣètò ìje alùpùpù ìlú wa fẹ́ kí n dìde níwájú gbogbo èrò kí n ròyìn ohun tí ojú mi rí lọ́jọ́ náà. Ohun tí ojú mi rí kọ́ ni ọwọ́ mi sì sọ.

Ṣábẹ̀ẹ́ ni à ń gbé. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni mí. Mo ti gba oyè lìsáǹsì ní yunifásítì, ìyẹn ni wọ́n fi ń pè mí ní Lìsáǹsì, ṣùgbọ́n n kò tíì rí iṣẹ́ gidi. Tíṣà ni bàbá mi, Pọ́bẹ̀ ló ti wá, ìjọba ló gbé e wá síbí kí wọ́n tó bí mi. Ibí ni wọ́n bí mi sí, ibí ni mo ti lọ ilé ìwé, síbẹ̀ ọmọ àlejò ni wọ́n ń pè mí. Wọn kò fi bú mi o. Bí wọ́n ṣe ń pè mí náà ni.

Lọ́dọọdún, nígbà tí iṣu bá ti wọlé tán, tí kàjú kò sì tíì bẹ̀rẹ̀ sí í já, àwọn ọ̀dọ́ wa máa ń fi alùpùpù sáré ìje lójú ọ̀nà ilẹ̀ pupa tó ti Ofẹ̀ wá, títí dé ẹsẹ̀ àpáta. Ìje mẹ́rin ni. Wọ́n ń gba àmì nínú ìkọ̀ọ̀kan, bí wọ́n ṣe ń ṣe é nínú ìdíje ọkọ̀ eré ìje tí à ń wò nínú tẹlifíṣọ̀n. Ẹni tí àmì rẹ̀ bá pọ̀ jù ló gba ife.

Àwọn ọmọ ìlú wa fẹ́ràn ìtàn àwọn ìdíje ńlá yẹn gan-an. Tí ẹ bá jókòó ní kafetéríà, ẹ ó gbọ́ nípa ọdún tí ó jẹ́ pé ààbọ̀ àmì kan péré ló ya ẹni kìíní sọ́tọ̀ sí ẹni kejì ní gbogbo àgbáyé. Ẹ ó gbọ́ nípa ọdún tí àwọn ẹbí awakọ̀ kan ti ń fò mọ́ra wọn pé tàwọn ni ife, àṣé ní kọ́nà tó kẹ́yìn nínú ìje tó kẹ́yìn, ẹlòmíràn ti gbà á. Èmi náà fẹ́ràn ìtàn wọ̀nyí. N kò lè gbọ́ wọn mọ́ báyìí. Tí ẹnikẹ́ni bá bẹ̀rẹ̀ ọ̀kan, màá dìde, màá ní mo fẹ́ lọ tọ̀.

Nínú ìje tiwa, àṣà méjì wà tí mo gbọ́dọ̀ ṣàlàyé. Èkíní ni pé ọmọ àlejò ló máa ń dúró sórí ìlà láti sọ ẹni tó ṣíwájú. Wọ́n ní ọmọ àlejò kò ní ìbátan nínú ìlú, ta ni yóò wá gbè lẹ́yìn? Olúkúlùkù ní aṣọ àmì aláwọ̀ tirẹ̀; ẹni tí ọmọ àlejò bá gbé aṣọ rẹ̀ sókè ló borí, ọ̀rọ̀ parí. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ bi í léèrè. Èkejì ni pé ẹni tó ṣe ipò kejì yóò fi ọwọ́ ti alùpùpù ẹni tó borí, láìtan ẹ́ńjìnnì, la ìlú kọjá, títí dé ẹnu ọ̀nà ìyá ẹni tó borí náà.

Lọ́dún tó kọjá, èmi ni wọ́n mú. Inú bàbá mi dùn débi pé ó lọ aṣọ mi fúnra rẹ̀.

Àwọn méjì ló kù tí wọ́n lè gba ife. Fẹ́líìsì ń wa zẹ́mìjáàn, alùpùpù akérò, nínú ìlú, aṣọ pupa ni tirẹ̀. Bùráímọ̀ wá láti Sakín, ó ní oko kàjú, ó sì mọ ẹ́ńjìnnì tún ṣe, aṣọ funfun ni tirẹ̀. Àmì wọn dọ́gba rẹ́gí. Ẹni tó bá ṣíwájú ẹnìkejì nínú ìje tó kẹ́yìn yìí ló ni ife, òun náà sì ni ẹgbẹ́ eléré alùpùpù kan láti Paraku ti ṣèlérí pé àwọn yóò mú lọ.

Wọ́n fi eérú fa ìlà sójú ọ̀nà. Èmi nìkan ló wà níbẹ̀. Wọ́n ti lé èrò sẹ́yìn okùn, lọ́nà jíjìn, nítorí pé alùpùpù kan ti ya wọ àárín èrò rí. Olórí ìgbìmọ̀ fún mi ní aṣọ méjèèjì. Ó ní, "Ọ̀tún funfun, òsì pupa. Ṣé o gbọ́?" Mo ní mo gbọ́.

Obìnrin kan kígbe láti ẹ̀yìn okùn pé, "Lìsáǹsì! Ìlà ni kí o fi dígí ojú yẹn wò o, má fi wo ọmọge!" Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí a bẹ̀rẹ̀ sí í gbúròó ẹ́ńjìnnì, eruku ti bo dígí ojú mi. Mo ki aṣọ méjèèjì bọ abíyá, mo yọ dígí, mo fi ẹ̀wù mi nù ún, mo gbé e padà sójú, mo sì fa aṣọ méjèèjì yọ kíákíá, ọ̀kan sí ọwọ́ kọ̀ọ̀kan. N kò wò ó. Ibi tí gbogbo rẹ̀ ti bàjẹ́ nìyẹn. N kò wò ó.

Wọ́n dé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí gbọ́, mo rí i kedere. Táyà iwájú Bùráímọ̀ ló kọ́kọ́ fọwọ́ kan eérú. Ohun tó fi ṣíwájú kò ju ìbú ìka mẹ́rin lọ. Ojú mi ṣì wà nílẹ̀ lórí ìlà nígbà tí mo gbé ọwọ́ ọ̀tún mi sókè.

Èrò bú sí ariwo. Mo gbọ́ "Fẹ́líìsì! Fẹ́líìsì!" Mo gbójú sókè. Aṣọ pupa ló wà lọ́wọ́ mi.

Mo lè sọ̀rọ̀ nígbà náà. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ nìyẹn, torí n kò fẹ́ tàn yín. Kì í ṣe pé mo fẹ́ràn Fẹ́líìsì jù. Ẹnikẹ́ni kò fún mi ní nǹkan kan. Àṣìṣe ni, àṣìṣe lásán. Ṣùgbọ́n ìyá Fẹ́líìsì ti dì mọ́ ọmọ rẹ̀, ó ń sunkún. Mo rí bàbá mi lẹ́yìn okùn tó ń nàka sí mi, tó ń fi mí han ẹni tó dúró tì í. Mo ronú pé tí mo bá ní mo ṣì í, wọn yóò ní ọmọ àlejò ti ń ta ife. Ibí ni bàbá mi kọ́lé sí. Ẹnu mi kò ṣí.

Bùráímọ̀ rìn wá bá mi. Eruku ti kún irùngbọ̀n rẹ̀. Ó ní, "Lìsáǹsì, n kò bá ọ ṣẹjọ́ o. Kí n kàn mọ̀ ni. Báwo ni ohun tó fi jù mí lọ ṣe tó?"

Mo na ìka mẹ́rin. Mo ní, "Báyìí."

Ó wo ìka mi. Ó ní, "Ó dáa. Ìwọ lo wà níbẹ̀."

Ó mú alùpùpù Fẹ́líìsì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tì í. Àwọn ọmọdé ń sáré tẹ̀ lé e, wọ́n ń pariwo pé, "Bùráímọ̀, tẹ epo sí i!" Òun náà ń dá wọn lóhùn pé, "Èmi ni epo rẹ̀ lónìí!" Ó ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tó dé ẹnu ọ̀nà, ó dọ̀bálẹ̀, ó ní, "Ìyá, alùpùpù ọmọ yín rèé. Ó jù mí lọ." Mo wà níbẹ̀. Mo gbọ́ ọ.

Fẹ́líìsì lọ sí Paraku. Ní àárín òjò, ó ṣubú níbi tí wọ́n ti ń dánra wò, alùpùpù sì wó lé e. Wọ́n gé ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ lábẹ́ orúnkún.

Ọjọ́ tí mo gbọ́, mo jókòó sílẹ̀ lójú ọ̀nà. Mo ń ronú pé èmi ni mo fi ọwọ́ ara mi rán an lọ síbẹ̀. Ọ̀rẹ́ kan tó rí bí mo ṣe ń ṣe ní, "Ṣé ẹ̀gbọ́n rẹ ni?" Mo ní rárá.

Bùráímọ̀ gbé iṣu wá fún mi nílé lọ́sẹ̀ yẹn. Ó ní, "Ọlọ́run ló lo ojú rẹ fún mi. Ká ní ìka mẹ́rin yẹn jẹ́ tèmi ni, èmi ni ǹ bá lọ." Ìyá mi gún iṣu náà, n kò lè jẹ ẹ́. Síbẹ̀, Bùráímọ̀ kò gun alùpùpù ìje mọ́. Ìyàwó rẹ̀ sọ fún mi pé Bùráímọ̀ máa ń sọ pé ẹ̀rù ló ba òun nígbà tí ìlà kù díẹ̀, pé òun ló dẹ ọwọ́, ìyẹn ni Fẹ́líìsì fi já òun sílẹ̀. Kò dẹ ọwọ́ rárá. Èmi nìkan láyé ló mọ̀ pé kò dẹ ọwọ́.

Ìyá Fẹ́líìsì sì máa ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá wọlé pé, "Wọ́n gé e lẹ́sẹ̀, wọn kò gba ife lọ́wọ́ rẹ̀." Ife náà wà lórí tẹlifíṣọ̀n wọn. Ó ń nù ún láràárọ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni ìje ọdún yìí máa bẹ̀rẹ̀. Wọ́n fẹ́ fi ọ̀dà kọ orúkọ Fẹ́líìsì sára àpáta. Wọ́n ní kí n wá sọ bó ṣe borí, kí n tún gbé aṣọ pupa náà sókè lẹ́ẹ̀kan sí i. Bùráímọ̀ ti ní òun yóò gbé Fẹ́líìsì jókòó sórí alùpùpù rẹ̀, òun yóò sì tì í la ìlú kọjá, bíi ti ọjọ́ kìíní. Inú rẹ̀ ń dùn sí i.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí ní ìmọ̀ràn. Tí mo bá dákẹ́, Bùráímọ̀ yóò tún ti alùpùpù tí kò yẹ kó tì, níṣojú mi, lẹ́ẹ̀kejì, yóò sì máa rò títí láé pé ojo ni òun. Tí mo bá sọ ọ́, màá gba ife lọ́wọ́ ẹni tí kò ní nǹkan mìíràn mọ́, màá sì sọ fún ìyá rẹ̀ pé ẹlòmíràn ni wọn ì bá gé lẹ́sẹ̀. Mo ronú láti sọ fún Bùráímọ̀ nìkan, ṣùgbọ́n ṣé mo fẹ́ kí òun náà máa gbé e kiri bíi tèmi ni? Mo ronú láti sá lọ sí Kutonu kó tó di Àbámẹ́ta. Mo ti di báàgì mi lẹ́ẹ̀mejì, mo sì ti tú u.

Àwọn tó jù mí lọ láàárín yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá mi lóhùn kíákíá. Gẹ́gẹ́ bí àṣà wa, ẹni tó ṣe ipò kejì ló ń fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn, tó ń ti alùpùpù ẹni tó borí. Tí mo bá sọ òtítọ́ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, Fẹ́líìsì ni yóò kàn láti ti alùpùpù Bùráímọ̀. Báwo ni mo ṣe fẹ́ kó ṣe é?