Eruku Inú Àwòrán Yìí

Ẹ gbọ́wọ́ yín sílẹ̀ ná, ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ má pàtẹ́wọ́ sí mi. Ẹ ní kí n wá sọ bí mo ṣe fi kámẹ́rà ya àwòrán ńlá tó wà lẹ́yìn mi yìí, mo sì ti múra àwàdà sílẹ̀ bí àṣà mi. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tó wà nínú mi ti kọ̀, kò gbé ibẹ̀ mọ́. Bí n kò bá sọ ọ́ lónìí, yóò sọ ara rẹ̀ lójú oorun mi. Àbúrò ìyàwó mi ló jókòó níwájú yẹn, tòun ti ọ̀pá ìrìn rẹ̀, ìyàwó rẹ̀ gbé ọmọ dání lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Òun ni mo ṣẹ̀, kò sì mọ̀.

Gbogbo yín ń pe àwòrán yìí ní ìyanu. Ẹ ń yin ìtànṣán oòrùn tó gba ojú fèrèsé wọlé. Ẹ ń yin ihò dúdú inú pákó ilẹ̀ tẹ́ ẹ rò pé ọjọ́ ogbó ló gbẹ́ ẹ, àti eruku tó ń jó lókè rẹ̀ bíi wúrà. Ẹnì kan tiẹ̀ bi mí lẹ́nu ọ̀nà níbí pé, "Ọ̀gá, níbo lẹ ti rí irú eruku yẹn?" Mo rẹ́rìn-ín, mo ní àdúrà ni. Àdúrà kọ́. Ẹ jókòó dáadáa.

Èmi àti àbúrò yìí la jọ máa ń wọ ilé tí wọ́n ti pa tì, ká lè yà wọ́n kí wọ́n tó wó. Ilé ọlọ́lá kan ni tọjọ́ náà, ó dá wà láàárín pápá, ìtàkùn ti wé e lọ́rùn, òjò ló sì ń sùn ní yàrá àlejò rẹ̀ látìgbà tí òrùlé ti lu. Òfin kan ṣoṣo la ní: ẹni tó bá ṣáájú ni yóò máa fi ọ̀pá lu pákó ilẹ̀, ibi tó bá ti jẹrà, yóò fi ṣọ́ọ̀kì funfun fa àgbélébùú síbẹ̀. Ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn kì í bèèrè. Àbúrò ló máa ń ṣáájú, torí ẹ wo ikùn mi: bí èmi bá ṣáájú, ilé á ti wó ká tó yà á.

A dé gbọ̀ngàn òkè. Ó lu pákó, ó sàmì, ó ń kọrin lábẹ́ imú, ó sì gba ilẹ̀kùn tó wà lódìkejì wọ yàrá míì lọ. Ó ké láti ọ̀hún pé, "Ẹ̀gbọ́n, ibi tí kò bá ti sí ṣọ́ọ̀kì, ẹ tẹ̀ ẹ́ bí ilẹ̀ bàbá yín! Ẹ ṣáà rọra, ilé olówó ni, kò rí irú ẹsẹ̀ yín rí!" Mo bú sẹ́rìn-ín. Mo gbé kámẹ́rà kalẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, mo yọjú wò ó. Háà! Gbogbo rẹ̀ dára, àfi àgbélébùú funfun kan láàárín ilẹ̀, bí ìgbẹ́ ẹyẹ lórí aṣọ ìyàwó. Mo gba orí pákó líle débẹ̀, mo fa áńkáṣíìfù yọ, mo nù ún. Mo ní ẹ̀ẹ̀kan péré ni n ó yà á, n ó sì fa àmì náà padà. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, "ẹ̀ẹ̀kan péré" ti sin èèyàn ju ibà lọ.

Mo padà sẹ́nu ọ̀nà, mo fojú mọ́ kámẹ́rà. Ni ilẹ̀kùn ọ̀hún bá ṣí. "Ẹ̀gbọ́n! Ẹ wá wo dùùrù, ẹyẹ ti fi inú rẹ̀ ṣe ìtẹ́!" Mo la ẹnu kí n ní "Dúró." Ẹnu mi là, ẹ gbọ́ o, ó là. Ṣùgbọ́n oòrùn bọ́ sí i léjìká, òjìji rẹ̀ nà gbalaja sílẹ̀, ẹ̀mí kan sì ní nínú mi pé, jẹ́ kó sún mọ́ ọ díẹ̀ sí i. Kì í ṣe ẹ̀mí kankan. Èmi ni. Mo rí i tó ń wo ilẹ̀. Ó ń wá ṣọ́ọ̀kì rẹ̀. Kò rí i, ó fọkàn balẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́.

Pákó náà kò tiẹ̀ pariwo. Ó kàn gbé e mì ni. Nǹkan dún gbì nísàlẹ̀, eruku gbogbo ọdún tí ilé náà ti dá wà bá tú jáde látinú ihò, ó gòkè sínú ìtànṣán. Ó rẹwà. Àbúrò ké pé, "Ẹ̀gbọ́n, ẹsẹ̀ mi o!" Mo tẹ kámẹ́rà. Mo tún un tẹ̀. Ẹ̀yìn ìyẹn ni mo tó sáré. Èyí tí mo tẹ̀ kẹ́yìn lẹ ń wò yìí, tí mo parọ́ fún yín pé mo padà lọ yà láti fi bu ọlá fún un.

Nílé ìwòsàn, ó bi mí pé, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé mi ò sàmì síbẹ̀ ni? Ó dà bíi pé mo sàmì síbẹ̀." Mo ní, "N kò rí àmì kankan níbẹ̀." Òótọ́ ni, àbí? Mo ṣáà ti nù ún. Òótọ́ tí mo rán níṣẹ́ irọ́! Ó bú sẹ́kún. "Ẹ forí jì mí, Ẹ̀gbọ́n. Bó bá jẹ́ ẹ̀yin lẹ tẹ̀ ẹ́ ńkọ́?" Mo sì forí jì í. Ẹ gbọ́ mi yé o: èmi ni mo forí jì í! Mo tiẹ̀ fọwọ́ gbá a léjìká.

Àwọn ayàwòrán ẹlẹgbẹ́ wa sọ ọ́ ní Gbàgbé-ṣọ́ọ̀kì, kò sì sẹ́ni tó jẹ́ kó ṣáájú òun mọ́. Ìyẹn náà, mo fara dà á. Ojú mi le bí awọ bàtà. Àfi ìgbà tí mo lọ kí wọn nílé lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ìyàwó rẹ̀ wà nídìí iná, ọmọ ń sunkún lórí ẹní, ó ń nawọ́ sí bàbá rẹ̀. Bàbá fọwọ́ sẹ́yìn. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi gbé e." Mo fi ṣe yẹ̀yẹ́: "Ṣé ọmọ náà ń géni jẹ ni?" Ìyàwó rẹ̀ ló dáhùn: "Kò gbé e rí látọjọ́ tí mo ti bí i. Ó ní orí òun ti lu, òun lè gbàgbé pé ọmọ wà lọ́wọ́ òun." Mo gbé e. Ọmọ náà sùn lórí ọwọ́ tó nu ṣọ́ọ̀kì.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nítòsí, ẹ wo etí ihò yẹn, lápá òsì. Ìlà funfun tín-ín-rín kan wà níbẹ̀ tẹ́ ẹ rò pé ìmọ́lẹ̀ ni. Ìmọ́lẹ̀ kọ́. Ìkángun àgbélébùú ni, ibi tí áńkáṣíìfù mi kò dé. Àbúrò, o sàmì síbẹ̀. O ò gbàgbé. Kò síhò kankan nínú orí rẹ. Mi ò ní kó o forí jì mí lónìí. Ìyẹn kì í ṣe ohun tí mo lẹ́nu láti bèèrè. Ẹ̀yin èèyàn, ẹ má wo ojú mi mọ́, ẹ fún un láàyè. Àbúrò, fi ọ̀pá yẹn sílẹ̀. Na ọwọ́ rẹ méjèèjì. Gbé ọmọ rẹ.