Wàláà Tó Sọ Iye Òwú

Làmídì, gbé fóònù yẹn sílẹ̀! Ẹ̀yin tó kù, ẹ pa ẹnu mọ́. Àwọn tí fóònù ń bá ṣírò owó búrẹ́dì méjì... Ẹ gbọ́.

Nígbà tí mo ṣì wà lọ́dọ̀ọ́, tí mo rẹwà ju gbogbo yín lọ... kí ló ń pa yín lẹ́rìn-ín? Èmi nìkan ló ń lọ sẹ́kọ́ńdírì nínú agbo ilé wa ní Bẹyẹrúnkà. Ìyá mi àti ìyálé ẹ̀, aṣọ ni wọ́n ń hun. Olówùú kan wà l'Ọ́jà'ba tí wọ́n ń ra òwú lọ́wọ́ ẹ̀. Òun ló bí Ìyá Bọ́sẹ̀, ìyàwó mi tó ń ṣa ẹ̀wà lẹ́yìn mi yìí. Mi ò tíì mọ̀ ọ́n nígbà yẹn. Àpapọ̀ ni olówùú yẹn máa ń pe owó: "Gbogbo ẹ̀, ṣílè báyìí." Ó parí.

Lọ́jọ́ kan, ìyálé ní kí ìyá mi bá òun ra ìdì òwú kan tí wọ́n pa láró. Ìyá mi gbé e dé, ó ní ṣílè mẹ́ta ni.

"Irọ́! Ṣílè méjì ni. O ti jẹ ṣílè mi kan!"

"Ìyálé mi, ẹ má sọ bẹ́ẹ̀..."

"Ó yá, fi Kùránì búra!"

Búra kẹ̀? Ìyá mi, aboyún? Ta la sì fẹ́ bi? Olówùú ti gba Ìsẹ́yìn lọ, ó di ọjọ́ kẹsàn-án kó tó dé.

Mo ní, "Ìyá mi, èló lẹ san lápapọ̀?"

"Funfun méjì tèmi, aró kan tiwọn, ṣílè méje."

Ìyá Rálíà, aládùúgbò wa, ní, "Èmi náà rà lọ́wọ́ ẹ̀ láàárọ̀ yìí. Funfun kan, aró kan, ṣílè márùn-ún."

Háà! Mo fa wàláà tí àbúrò mi fi ń kọ́ kéwú, mo ti gègé bọ tàdáwà. Funfun ni ẹ́kìsì, aró ni wáì. Ẹ́kìsì méjì pẹ̀lú wáì kan, méje. Ẹ́kìsì kan pẹ̀lú wáì kan, márùn-ún. Mo yọ èyí kúrò nínú tọ̀hún... ó ku ẹ́kìsì kan, ṣílè méjì. Aró wá jẹ́ èló? Ẹ dáhùn! Ṣílè mẹ́ta!

Wàláà ò dé ọjà, kò rí òwú, ó mọ iye ẹ̀! Èmi gan-an ṣe háà. Lẹ́tà tí mo ti tìtorí ẹ̀ jẹgba ní kíláàsì, òun ló gba ìyá mi sílẹ̀. Ìyálé ní, "Ìyàwó, má bínú." Ni ìyá àgbà, ìyá bàbá mi, bá bu omi, ó fọ wàláà náà sínú igbá bí àwọn ààfáà ṣe ń ṣe: "Ọ̀rọ̀ tó lágbára báyìí kì í ṣòfò." Ó gbé e fún ìyá mi mu, kí ọmọ inú lè mọ̀wé. Èyí tó ṣẹ́ kù, ìyálé gbé e, ó fà á gbẹ!

Lónìí ńkọ́? Ẹ ó tẹ fóònù, á dáhùn, ẹ ò tiẹ̀ ní ṣe háà. Ẹ jẹ́ kí nǹkan máa yà yín lẹ́nu, ẹ̀yin ọmọ yìí... Kí ni, Ìyá Bọ́sẹ̀? Kí lo fẹ́ sọ?

"Bàbá Bọ́sẹ̀, ta ló sọ fún yín pé iye kan náà ni màámi tà á fáwọn méjèèjì? Ìyá Rálíà ò mọ ọjà ná."